Sikánà ELM327 lára mọ́tò àtijọ́: kọ́òdù ló kéré jù nínú iṣẹ́ rẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni tó ra nǹkan yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Sikánà kékeré yìí kì í tún mọ́tò ṣe. Kò lè tú pílọ́ọ̀gì, kò lè fún nọ́ọ̀tì, kò sì mọ ìgbà tí rọ́bà ń ya. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó bi bíréénì bọ́ọ̀sì mọ́tò, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ní ìbéèrè, kó sì gbé èsì wá sórí fóònù yín. Àwọn tó ń yìn ín pé ó mọ gbogbo àìsàn mọ́tò, àti àwọn tó ń bú u pé irọ́ ló ń pa, ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń gbà lò ó: wọ́n á ka kọ́òdù, ìyẹn nọ́ńbà àìsàn tí mọ́tò gbé jáde, wọ́n á pa fóònù, wọ́n á gba ọjà lọ. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń lò ó lára mọ́tò tèmi, kọ́òdù kọ́ ló sì jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn nọ́ńbà tó ń yí lójú fóònù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ni.

Irú èyí tí wọ́n ń pè ní ELM327 ni mo ní, èyí tó ń lo Bluetooth. Kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Ara rẹ̀ dúdú, iná pupa kan wà lójú rẹ̀ tó ń sọ pé ó ti rí iná gbà, eyín irin 16 sì wà lẹ́nu rẹ̀. Abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kì í bọ̀ máa ń wà, lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀, lókè ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ bíréèkì. Mọ́tò mi jẹ́ ti ọdún 2002, ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù onísìlíńdà mẹ́rin, kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan jókòó sórí pílọ́ọ̀gì tirẹ̀, gíá ọlọ́wọ́. Ó ti rìn ju kìlómítà 280,000 lọ. Ẹni tó bá ní irú ẹ̀ mọ̀ pé iná ẹ́ńjìnnì kì í ṣe àlejò nínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀.

Ọdún mọ́tò yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo mọ́tò tuntun láti ọdún 1996 ní OBD-II, ìlànà tó jẹ́ kí sikánà kan ṣoṣo lè bá mọ́tò ilé-iṣẹ́ yòówù sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe tiwọn ní 2001 fún mọ́tò pẹtiróòlù, ti dísẹ́ẹ̀lì sì wá lẹ́yìn náà. Mọ́tò tó bá ti wà ṣáájú lè ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jọ ọ́, ẹ ó kì í bọ̀ ọ́, iná pupa á tàn, mọ́tò ò sì ní fèsì. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn àgbà mọ́tò bẹ́ẹ̀, wáyà kékeré ni wọ́n fi ń so ojú méjì pọ̀ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì àyẹ̀wò, ẹ ó wá máa ka bí iná ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣẹ́jú: tó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, tó dákẹ́ díẹ̀, tó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, 21 nìyẹn. Ẹni tí tirẹ̀ bá wà ní ìpele yẹn kò nílò sikánà yìí rárá.

Èdè tí mọ́tò fi ń bá sikánà sọ̀rọ̀ ni wàhálà kejì, ó sì kan ẹni tó ní mọ́tò àtijọ́ ju ẹni tó ní tuntun lọ. Láti 2008, CAN ni gbogbo mọ́tò tuntun ní Amẹ́ríkà ń sọ. Ṣáájú ìgbà yẹn, kálukú ń sọ tirẹ̀: àwọn kan ń lo ISO 9141-2, àwọn kan KWP2000, àwọn mìíràn J1850, ìyẹn náà sì tún pín sí méjì. Ojúlówó ELM327, èyí tí ilé-iṣẹ́ Elm Electronics ní Kánádà ṣe, gbọ́ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde kò ní ààbò kankan, làwọn aládàkọ bá ṣe é kún ọjà. Ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé ní 2022, nítorí náà àdàkọ ni èyí tó pọ̀ jù tí ẹ ó bá pàdé. Àdàkọ kì í ṣe èpè. Àdàkọ tó dáa wà, èyí tó wà lọ́wọ́ mi gan-an àdàkọ ni. Ohun tó ń bí mi nínú ni irọ́ tí wọ́n ń kọ sára rẹ̀. Ẹ ó rí v1.5 lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ Elm Electronics ò gbé v1.5 jáde rí, láti 1.4 ni wọ́n ti fò dé 2.0. Ẹ ó rí v2.1, ẹ ó rò pé nọ́ńbà tó ga jù ló dára jù, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn yẹn ni wọ́n ti gé èdè àtijọ́ kúrò nínú wọn kó lè pọ́kú.

Irú v2.1 bẹ́ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbà, kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é lára rẹ̀. Ó bá mọ́tò ìyàwó mi, tó tuntun jùyẹn lọ dáadáa, sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́. Mo gbé e dé ara tèmi, ó yadi. Kò kọ́kọ́ dà bíi pé sikánà ló ní àìsàn, nítorí iná rẹ̀ ń tàn, fóònù náà sì rí i. Ará ilé mi tiẹ̀ ń sọ pé bíréénì bọ́ọ̀sì ló jóná. Bíréénì bọ́ọ̀sì tó jóná kì í jẹ́ kí mọ́tò tan, èmi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mọ́tò tibi iṣẹ́ dé ni. Èyí tí mo wá ń lò báyìí, ẹni tó tà á kọ gbogbo èdè tó gbọ́ sára páálí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì gbà pé kí n dá a padà tí kò bá bá mọ́tò mi sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ni kí ẹ wá kí ẹ tó wá nọ́ńbà.

Ẹ̀yin tó ń lo iPhone, ẹ dúró níbí díẹ̀. Bluetooth àtijọ́ tó wà nínú àwọn tó pọ́kú yìí kì í bá iPhone ṣe. Èyí tó ń lo Wi-Fi tàbí Bluetooth LE ni kí ẹ béèrè. Android ni tèmi, Torque sì ni áàpù tí mo ń lò. Ẹ ki sikánà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti tàn, fóònù á béèrè nọ́ńbà àṣírí, 1234 tàbí 0000 ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ó tán.

Ohun kan tí wọn kì í sọ fún ẹni tó ní mọ́tò àtijọ́ ni pé èdè ISO 9141-2 lọ́ra gan-an. Kílóbíìtì 10.4 ló ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí CAN ń gbé 500 nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò. Tí ẹ bá to nọ́ńbà mẹ́wàá sójú fóònù nítorí pé ó rẹwà, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan á máa dé lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti kọjá. Ẹ mú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àwọn tí mo fi sójú tèmi ni RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), ooru omi ẹ́ńjìnnì, àti fuel trim méjèèjì. Nǹkan tó kù, ìgbà tí mo bá nílò rẹ̀ ni mo ń pè é.

Fuel trim yìí ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó kọ gbogbo èyí.

Iná ẹ́ńjìnnì tàn. Nígbà tí mọ́tò bá dúró tí mi ò tẹná, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, RPM á máa lọ sókè sódò, dígí á máa mì. Tí mo bá ti tẹná díẹ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀ bíi pé kò sí nǹkan kan. Mo ki sikánà bọ̀ ọ́: P0171. P ni ti ẹ́ńjìnnì àti gíá, òǹkà 0 tó tẹ̀ lé e sọ pé kọ́òdù náà jẹ́ ti gbogbo mọ́tò, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan. Ohun tí kọ́òdù náà ń wí ni pé epo ò tó sí afẹ́fẹ́. Ibí gan-an ni owó ti ń ṣòfò. Ẹ bi èèyàn mẹ́rin nípa P0171, ẹnìkan á ní sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ni, ẹnìkan á ní pọ́ǹpù epo, ẹnìkan nọ́súlù, ẹnìkan sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní MAF. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn, nítorí gbogbo wọn lè fà á. Kọ́òdù náà kò dárúkọ ohun tó bàjẹ́. Ohun tí bíréénì bọ́ọ̀sì fojú rí ló ròyìn: mo ń fi epo kún un, mo ń fi kún un, síbẹ̀ kò tó.

Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù ń fẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó ìwọ̀n 14.7 sí epo ìwọ̀n 1, lórí òṣùwọ̀n. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lára páìpù èéfín ló ń tọ́ èéfín wò, tó ń sọ fún bíréénì bọ́ọ̀sì bóyá epo pọ̀ jù tàbí ó kéré. Bíréénì bọ́ọ̀sì á wá fi kún un tàbí kó yọ kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó fi kún un tàbí tó yọ yìí ni fuel trim. Short Term ni ti ojú ẹsẹ̀, kì í dúró sójú kan. Long Term ni èyí tó ti mọ́ ọn lára, tó ń fi sọ́kàn di ọ̀la. Ẹ ro méjèèjì pọ̀. Tó bá wà láàárín -10 àti +10 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ lọ sinmi. Lára tèmi, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tán tí mi ò sì tẹná, Long Term wà ní +21, Short Term ń ṣe yọ̀ǹbọ̀ láàárín +4 sí +8. Ẹ wo ìyà.

Mo wá fi ẹsẹ̀ tẹná díẹ̀díẹ̀ títí RPM fi dé 2500, mo dì í mú síbẹ̀. Nọ́ńbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Kò pẹ́, àpapọ̀ méjèèjì ò ju bíi +5 lọ.

Ìyẹn ti dá ẹjọ́ náà dé ìdajì, mi ò sì tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ẹsẹ̀ ò sí lórí iná, ọ̀nà afẹ́fẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, ẹ́ńjìnnì sì ń fa afẹ́fẹ́ kíkankíkan. Tí ojú kan bá là níbì kan lẹ́yìn ibẹ̀, afẹ́fẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ ò kà á gbabẹ̀ wọlé bí olè; nítorí pé afẹ́fẹ́ tó gba ojú ọ̀nà wọlé ò pọ̀ lásìkò yẹn, ti olè yẹn á hàn gbangba. Tí a bá tẹná, ojú ọ̀nà á ṣí, afẹ́fẹ́ rẹpẹtẹ á wọlé, ti olè á di díẹ̀ nínú ọ̀pọ̀. Ká ní pọ́ǹpù epo ló ń rẹ̀ ni, òdìkejì la ò bá rí: tí a ò bá tẹná, ara á dá, tí a bá tẹná, tí ẹ́ńjìnnì wá ń béèrè epo púpọ̀, nọ́ńbà á gòkè. Tí MAF bá dọ̀tí, nọ́ńbà sábà máa ń wà lókè ní gbogbo ìwọ̀n ìsáré, tàbí kó tiẹ̀ máa burú sí i bí a ṣe ń tẹná. Nítorí náà, láàárín àwọn ohun mẹ́rin tí wọ́n ní kí n rà, mi ò ra ìkankan.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì níbi tí mo ti lè máa wò ó. Àwọn kan máa ń fín ọṣẹ ìfọ-kábúrétọ̀ sórí rọ́bà láti mọ ibi tó là. Lórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, tó sì ń tan iná pílọ́ọ̀gì lọ́wọ́, èmi ò ní ṣe é, iná ò mọ ọ̀rẹ́. Púláyà tí mo fi aṣọ wé ẹnu rẹ̀ ni mo fi ń fún àwọn rọ́bà kéékèèké pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo ń wo Short Term. Rọ́bà bíréèkì, kò sí nǹkan tó yí. Rọ́bà tó lọ sí ibi tí òórùn epo ti ń wá, kò sí. Mo kan èyí tó ń gbé èéfín ọ́ìlì láti orí ẹ́ńjìnnì padà sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́, ìyẹn rọ́bà PCV, tó tẹ̀ kọrọdọ lẹ́yìn máníífóòdù níbi tí ojú ò ti tó o. Bí mo ṣe fún un pọ̀ báyìí, ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà, ìgbọ̀nrìrì náà dá, Short Term já láti +6 lọ sí -11 lójú mi.

Tí ẹ bá wo òkè rọ́bà náà, ẹ ó búra pé kò ní nǹkan kan. Dúdú ni, ó ń dán. Abẹ́ kọrọ́ rẹ̀ ni ọ́ìlì ti rẹ títí tó fi rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Ìka mi lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹnu kan là níbẹ̀ tó gùn tó èékánná àtàǹpàkò, mo sì yọwọ́, ẹnu náà pa dé. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú kò ní rí nǹkan kan. Rọ́bà kékeré kan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Mi ò pa kọ́òdù rẹ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí mo fẹ́ rí i kí Long Term fúnra rẹ̀ gbàgbé ohun tó ti kọ́. Bí mo ṣe ń wa mọ́tò lọ bọ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì wá jókòó sí +3. Nígbà tó yá, iná ẹ́ńjìnnì pa fúnra rẹ̀.

Nígbà kan tún wà tí ẹ́ńjìnnì ń mísì, ìyẹn ni pé sìlíńdà kan ò jó epo rẹ̀ dáadáa. Iná ẹ́ńjìnnì ò kàn tàn, ó ń ṣẹ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá ti ń ṣẹ́jú, ẹ dẹ́kun ìsáré, ẹ páàkì. Epo tí kò jó nínú sìlíńdà ń kọjá lọ sínú kátálíìsì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ lára páìpù èéfín, ibẹ̀ ló ti ń lọ jó, ó sì ń yọ́ inú rẹ̀. Kọ́òdù tèmi ni P0303. Òǹkà tó gbẹ̀yìn ni nọ́ńbà sìlíńdà. Áàpù náà ní ohun kan tó ń jẹ́ freeze frame, àwòrán bí ẹ́ńjìnnì ṣe wà lákòókò tí kọ́òdù wọlé: ooru omi 31, RPM ò tó ẹgbẹ̀rún. Ìyẹn ni pé kété tí mo tan mọ́tò láàárọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo fa kọ́ìlì ẹlẹ́ẹ̀kẹta yọ, mo gbé e sórí ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo gbé ti ẹlẹ́ẹ̀kejì sórí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo pa kọ́òdù rẹ́, mo tan án. Kọ́òdù tó padà wá ni P0302. Kọ́ìlì ni, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.

Àbí? Nígbà tí mo fa kọ́ìlì yẹn jáde, rọ́bà ẹnu rẹ̀ rin gbingbin fún ọ́ìlì. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò pílọ́ọ̀gì, ọ́ìlì ló kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí ẹ́ńjìnnì ló ti gan, tó ń jẹ́ kí ọ́ìlì yọ́ wọlé. Kò sí sikánà tó lè rí ìyẹn. Kò sí sẹ́ńsọ̀ nínú ihò pílọ́ọ̀gì. Ká ní mo ra kọ́ìlì tuntun tí mo gbé e lé e ni, ọ́ìlì yẹn ni ì bá tún rẹ òun náà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Gásíkẹ́ẹ̀tì, kọ́ìlì, pílọ́ọ̀gì, ní títò tẹ̀ léra báyìí.

Àbúrò mi ọkùnrin náà gbé tirẹ̀ wá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní kátálíìsì ti kú, pé kí n lọ ra tuntun.” Kọ́òdù P0420 ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ní kó tan mọ́tò, kó jẹ́ kó gbóná ná. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn méjì ló wà: èyí tó wà ṣáájú kátálíìsì gbọ́dọ̀ máa fò láàárín fóòtì iná 0.1 sí 0.9, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ ní bíi 0.6 sí 0.7. Tirẹ̀, ẹ̀yìn ń fò bí iwájú ṣe ń fò. Ọkùnrin yẹn ò purọ́, kátálíìsì ti lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ibi tí àwọn kọ́òdù tí kò tíì gbó ń wà, tí wọ́n ń pè ní pending, P0304 jókòó síbẹ̀.

Mo bi í pé, “Ṣé iná yìí ti ń ṣẹ́jú tẹ́lẹ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé iná yẹn ló ní àìsàn ni.”

Ẹni tó bá pààrọ̀ kátálíìsì tí kò wo sìlíńdà kẹrin, ọmọ tuntun náà á bá ti àgbà lọ. Ẹni tó ka kọ́òdù fún un ò wo pending. Ohun tó sì wà nínú sikánà tó pọ́kú jù lọ náà nìyẹn, wọn kì í ṣí i ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá bú u díẹ̀, nítorí ó yẹ ní bíbú. Ọ̀nà tó ń gbà sọ ìtumọ̀ kọ́òdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P1 kò ṣeé gbára lé. Àwọn yẹn, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló fún wọn ní ìtumọ̀ tirẹ̀, áàpù lè fún yín ní ìtumọ̀ mọ́tò ẹlòmíràn. Kì í ka ABS (ti bíréèkì), kì í ka éábáàgì, bí iná wọn tilẹ̀ ń tàn lójú yín. Kò gbọ́ ariwo. Bíárín tó ń ké, ṣéènì tó ń lu ara rẹ̀, ọ́ìlì tó ń kán sílẹ̀, sìlíńdà tí kọ́ńpíréṣọ̀n rẹ̀ ti lọ, kò mọ ìkankan nínú wọn, àfi tó bá di mísì. Ẹni tó bá ń retí pé gbogbo àìsàn ló ń ní kọ́òdù, ojú rẹ̀ á rí màbo.

Nǹkan tó ń yọ mí lẹ́nu jù ni ibi tó ń jókòó sí. Orúnkún mi ń gbá a nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn sì lè ṣẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́tò yín, èyí tó ṣòro láti rọ́pò ju sikánà lọ. Wáyà kékeré tó ń gùn ún sí ẹ̀gbẹ́ yanjú ìyẹn. Ìkejì, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò mọ́jú. Eyín kẹrìndínlógún sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ń gba iná tààrà lára bátìrì, kọ́kọ́rọ́ ì báà wà níbẹ̀ tàbí kó má sí. Bátìrì tó ti dàgbà tí mọ́tò rẹ̀ jókòó fún ọjọ́ díẹ̀ kò ní dá yín lóhùn. Ẹ tún rántí pé 1234 ni nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró nítòsí lè so fóònù tirẹ̀ mọ́ mọ́tò yín.

Nítorí bátìrì náà: sikánà yìí ń ka fóòtì iná. Mọ́tò tó sinmi, tí bátìrì rẹ̀ kún, á fún yín ní bíi 12.6. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, láàárín 13.5 sí 14.7 ló yẹ kó wà. Tó bá ṣì dúró sí 12 àti díẹ̀, ẹ wo ọ́tánétọ̀ àti bẹ́líìtì rẹ̀. Nọ́ńbà ooru omi náà wúlò ju abẹ́rẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lọ, nítorí abẹ́rẹ́ ọ̀pọ̀ mọ́tò ni wọ́n ti ṣe kó dúró láàárín, ó lè gbóná dé ibi tó yẹ kẹ́rù bà yín kó tó mì. Tèmi ń rìn láàárín 86 sí 95. Nígbà tí mo rí i tí kò kọjá 70 lójú títì márosẹ̀, mo ti mọ̀ pé tẹmosítáàtì ò pa dé mọ́, kó tó di pé kọ́òdù rẹ̀, P0128, jáde.

Bọ́tìnnì tó ń pa kọ́òdù rẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n sì ṣe é tóbi, tó fi ń wu ọwọ́ í tẹ̀. Ẹ ya fọ́tò gbogbo nǹkan ná. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe kọ́òdù nìkan ló ń lọ: freeze frame lọ, ohun tí Long Term ti kọ́ lọ, gbogbo àyẹ̀wò tí mọ́tò ń ṣe fún ara rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá máa bá yín tún un ṣe lẹ́yìn náà á bá ilé òfìfo.

Bẹ́ẹ̀ ohun yẹn gan-an ló sọ sikánà yìí di ọ̀rẹ́ ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò àlòkù. Ẹni tó fẹ́ ta mọ́tò tó ní àìsàn lè pa kọ́òdù rẹ́ láàárọ̀, kí iná má tàn níṣojú yín lọ́sàn-án. Ẹ má ka kọ́òdù nìkan. Ẹ ṣí ibi tí wọ́n kọ readiness sí, níbi tí ẹ ó ti rí àyẹ̀wò tí mọ́tò ti ṣe parí fún ara rẹ̀. Mọ́tò tí wọ́n ti ń wà déédéé, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àyẹ̀wò rẹ̀ á ti parí. Tí ẹ bá rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò tíì parí, ẹ bi ẹni náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bátìrì ni. Ẹ wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń dáhùn. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ẹ wo Long Term. Bí wọ́n bá ti pa á rẹ́, odo tàbí ohun tó sún mọ́ ọn ni yóò kọ́kọ́ wà, ẹ ó wá rí i bó ṣe ń gùnkè bí ẹ ṣe ń wà á kiri.

Ṣé mo máa ní kí ẹ rà á? Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá ti ní OBD-II, tó lè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó sì dá rọ́bà mọ̀ yàtọ̀ sí wáyà, kó rà á lónìí. Ẹni tí kò fẹ́ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rárá náà lè rà á, kó lè máa bá ẹni tó ń tún un ṣe sọ̀rọ̀ tó ní nọ́ńbà nínú dípò “ó ń ṣe mí bákan”. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti wà ṣáájú OBD-II, kó fi owó náà ra mítà iná àti mítà tó ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́. Èmi náà ní mítà iná, nítorí ọjọ́ tí sikánà bá sọ pé sẹ́ńsọ̀ kan ti kú, mítà ló ń sọ fún mi bóyá wáyà rẹ̀ ló já.

Ọjọ́ tó bá dé ọwọ́ yín gan-an ni kí ẹ dán an wò. Kì í ṣe lára mọ́tò tuntun ọ̀rẹ́ yín o, lára àgbà mọ́tò yín ni. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ pe RPM, ooru omi, Short Term, Long Term àti fóòtì sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn. Tí gbogbo wọn bá ń yí, tí wọn ò sì gan sójú kan, ó ti dára. Tó bá ní òun ń wá mọ́tò, tó ń wá a títí tí ojú fóònù fi ṣú, ẹ dá a padà kí ẹ tó ju páálí rẹ̀ nù.